Ilé Tó Gun Òkè Orí-Àpáta

Ọkọ mi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ná, kí n tó sọ fún yín pé ó ra ilé tó ní táyà.

Ọdún 1978 ni. Ìlọrin là ń gbé nígbà náà, ó ń bá iléeṣẹ́ kan tí ń ṣe ọ̀nà tún ọkọ̀ ṣe. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí ń wọn ilẹ̀, tí kì í sun hòtẹ́ẹ̀lì, tí kì í sì gba ilé. Inú ọkọ̀ ló ń gbé. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń se oúnjẹ rẹ̀, ó tilẹ̀ ta kọ́tìnnì sí fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ọkọ mi ní ọ̀pọ̀, nítorí òun nìkan ló mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì náà ń fẹ́ bó bá ń wúkọ́. Nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, Bàbá Modúpẹ́ wà á wọ àgbàlá wa, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Mo dúró, mo wo ọkọ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀.

Mo ní, "Ta ló máa gbé inú èyí? Ṣé èmi ni, àbí ìyàwó kejì?"

Ó ní, "Ìyá mi ni."

Mo tún yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan sí i. 

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá rẹ̀ fún yín. Susanna ni wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún wọn, Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì wọn, Orí-Àpáta sì ni ilé wọn, abúlé kékeré kan lórí òkè, tí èèyàn ń yà sí lójú ọ̀nà Ọ̀sí sí Ọ̀bbò-Ilé. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Nígbà tá a ń sọ yìí, bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ilẹ̀ ṣú nìkan ni wọ́n ń rí. Ilé ìwòsàn àwọn ajíhìnrere kan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí àwọn dókítà ojú máa ń wá sí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní awọ náà ṣeé bọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dẹ́kun. Ìyá kì í sùn síta.

Wọ́n ń sùn síta tẹ́lẹ̀ o. Nígbà ayé ọkọ wọn, Bàbá Ògúndípẹ̀, wọ́n lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní Kòrò, wọ́n sì sùn mọ́jú. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà wọn. Àyà ló dun Bàbá lóru. Wọ́n ní ó ń pe "Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́" títí ẹ̀mí fi bọ́, Àbẹ̀kẹ́ kò sì sí nílé láti dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà, Ìyá kò tún fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nílé ẹlòmíràn mọ́. Nígbà tí mo bí Modúpẹ́, ọkọ̀ àkọ́jáde ló gbé wọn wá, wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì padà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú eruku lójú. A bẹ̀ wọ́n títí. Wọn kì í bínú. Ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju gbólóhùn kan lọ:

"Mo sùn síta lẹ́ẹ̀kan, mo dé, mo bá òkú. Ta lẹ tún fẹ́ kí n bá?"

 Lọ́jọ́ kan ṣá, bóyá nítorí kí ọ̀rọ̀ lè tán, Ìyá fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí ulé mi bá lè bá mi lọ, ẹ wá mú mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i tó ń wo ilẹ̀, mo rò pé ebi ló ń pa á.

Ní bíi oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló gbé ilé wá.

Ó gun Orí-Àpáta lọ pẹ̀lú okùn, ó wọn yàrá ìyá rẹ̀ láìsọ ohun tó ń ṣe fún wọn. Bí ibùsùn ti rí sí ilẹ̀kùn, ibẹ̀ náà ló gbé ibùsùn sí nínú ọkọ̀. Ó bọ́ ìrọ̀rí òyìnbó dà nù, ó tẹ́ ẹní. Ìṣó kan wà lára ògiri Ìyá tí wọ́n ń gbé àtùpà kọ́, lápá ọ̀tún, ní ìwọ̀n èjìká wọn. Ó kan irú ìṣó bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Òkè ló wá kù. Ó sọ̀rọ̀ òkè yẹn fún mi títí mo fi ń gùn ún lójú àlá. Àwọn ará abúlé ló fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà náà fúnra wọn kí ọkọ̀ akẹ́rù lè máa wá kó kòkó, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nípa ọ̀nà. Ó ga ganganran, ó sì tún yí kọ́rọ́kọ́rọ́.

Ọkọ mi ní, "Ẹ́ńjìnnì ò kórìíra òkè. Ẹrù ló kórìíra. Tó o bá ti dé ìdí òkè, jíà kìíní ni kó o ti fi í sí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Má jẹ́ kó sáré, má sì jẹ́ kó dúró. Tó bá fi lè dúró lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wàhálà dé. Ó dà bí àgbà tó jókòó sórí àpótí kúkurú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e rìn, àmọ́ ta ló máa fà á dìde?"

Nítorí náà ló ṣe ń bọ́ ẹrù lára ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó yọ sítóòfù òyìnbó. Ó yọ àgbá omi tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní kẹ́ẹ̀gì omi kan ti tó wa. Ó gbé ìkòkò irin mi wò lọ́wọ́, ó sì gbé e sílẹ̀. Mo ní kó kúkú gbé èmi náà wò. Ó gbé mi lóòótọ́, láàárín àgbàlá, lójú àwọn ará ilé, ó ní, "Èyí lè wọlé."

Ní ọdún náà, àwọn dókítà ojú máa lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gba èèyàn kẹ́yìn. Ọkọ mi kò rí àyè gbà níbi iṣẹ́ títí di ọjọ́rú, ọjọ́rú náà la sì gbéra láàárọ̀, èmi àti òun nìkan, nínú ilé wa tó ń rìn. Bí a bá dé Orí-Àpáta kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá á sùn nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, à ń lọ. Bí a kò bá dé, ó di ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó sì yẹ̀ wọ́n wò ti sọ pé ojú náà lè má dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ọkọ̀ náà ń lọ geere. Ká ní a kò yà sí Ìlọfà ni, ọ̀rọ̀ kì bá tí rí bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Ọmọ́bọ́lá, ilé ọkọ wọn ló wà ní Ìlọfà, ta ló lè gba ẹ̀gbẹ́ Ìlọfà kọjá kó má kí wọn? A ní ká kàn kí wọn lóròó. Wọ́n jáde, wọ́n yí ọkọ̀ náà po, wọ́n yọjú wọnú rẹ̀, wọ́n rí ibùsùn, wọ́n rí kọ́tìnnì. Wọ́n ké gbàjarè, wọ́n fi orúkọ pe ọkọ mi:

"Ulé tuntun! Lásárù kọ́ ulé fún Yèyé! Ẹ sì ń gbé e lọ lófìfo báyìí?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé tuntun kì í gba èèyàn lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá ń ṣílé, wọ́n á fún un ní iyọ̀ kí ilé rẹ̀ lè dùn, wọ́n á fún un ní epo, wọ́n á fún un níṣu. Kí ọkọ mi tó rí ẹnu là, àdúgbò ti gbọ́. Ẹni tó gbé iṣu wá ń gbé iṣu, ẹni tó rọ epo wá ń rọ epo. Àǹtí Ọmọ́bọ́lá wọ kíṣìnnì, wọ́n sì gbé ọlọ jáde, ìyá ọlọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọkùnrin méjì ló bá wọn gbé e. Wọ́n ní ilé tí kò lọ́lọ, yàrá àpọ́n ni.

Bàbá Ìjọ Adégbìtẹ́ wá fi àdúrà dé e. Wọ́n gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní, "Ilé yìí kò ní wó. Ilé yìí kò ní jó." A ń ṣe àmín. Èmi fi kún un nínú mi pé kò sì ní yí sí kòtò.

Mo rí ojú ọkọ mi. Ó ń wo táyà ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti gbé nǹkan kan wọlé, táyà á tún wọlẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé kó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí ni kí n sọ? Kí n ní kí wọ́n máa kó ire ilé ìyá mi padà?"

Nígbà tá a fi máa dé Ọ̀sí, ìròyìn ti ṣáájú wa débẹ̀. N kò mọ ẹni tó mú un lọ, ó jọ pé afẹ́fẹ́ Ìlọfà ń sáré ju ọkọ̀ wa lọ. Àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n mọ Ìyá ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú iṣu, àgbàdo, garawa epo, àti ọlọ kejì.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tá a dé ìdí òkè. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà kọ̀ọ̀kan, ó wo ọ̀nà náà lókè.

"Ìyá Modúpẹ́, ẹrù yìí pọ̀ jù."

"Jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀ síbí."

"Ní ọjọ́ ìṣílé gan-an? Kí n da iyọ̀ àti epo ilé Ìyá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí n tó gbé ilé dé ọ̀dọ̀ wọn?" Ó mi orí. "Ó máa gùn ún. Màá rọra mú un."

Ohun tó ti ń kọ́ mi láti bí oṣù mẹ́ta, iṣu sọ ọ́ di ìgbàgbé.

Ó fi í sí jíà kìíní. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìyípo àkọ́kọ́, ó gùn ún bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ. Inú mi ti ń dùn. Ní ìyípo kejì, mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà. Kò bú mọ́, ó ń kérora. Òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jóná gba imú mi, mo sì wo ọkọ mi, mo rí i tó ń tẹ̀ síwájú lórí àga bí ẹni pé òun ló ń fi àyà ti ọkọ̀ náà. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i. Ó ń ní, "Jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, má dúró." Omi inú rédíétọ̀ hó, èéfín funfun bo gíláàsì iwájú wa, ọkọ̀ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró.

"Fi nǹkan sí táyà!"

Mo ti fò sílẹ̀. Igi tá a gé láti máa fi di táyà wà lábẹ́ iṣu Ọ̀sí, ta ló fẹ́ wá a kàn? Ọmọ ọlọ Àǹtí Ọmọ́bọ́lá ni ọwọ́ mi bà. Mo fi ti ẹ̀yìn táyà, ó há síbẹ̀ pinpin, ọkọ̀ náà sì jókòó lé e. Ọlọ tó fẹ́ pa wá lòun náà gbà wá.

Inú bí mi nígbà náà. Mo wọ inú ilé náà, mo sì ń kó iṣu jáde. Ọkọ mi ń wò mí, kò dá mi dúró, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Mo ní iyọ̀ nìkan ló máa kù níbẹ̀, iyọ̀ ò wúwo. Igi irú kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, abẹ́ rẹ̀ ni mo kó gbogbo rẹ̀ jọ sí, mo to òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ó ní olúwa. Ìyá ọlọ méjèèjì ló dá ẹ̀yìn mi. Títí di òní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹ̀yìn mi máa ń rántí wọn.

A rọ omi kẹ́ẹ̀gì sí rédíétọ̀ nígbà tó tutù díẹ̀. Kò kún ìdajì. Ọkọ mi tún sitáàtì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Èéfín tún yọ. Ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Mo ní, "Jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn lọ mú wọn. Kò jìnnà mọ́."

"Wọn ò ní wá. Mo sọ fún wọn pé ilé á wá bá wọn. Tí kò bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ọkọ̀ lásán ni." Ó fi ọwọ́ tó kún fún gírísì bo ojú. "Mo ṣèlérí fún wọn, Ṣubúọlá."

Kì í pe orúkọ mi. Mo mọ̀ pé ẹkún ló ń sun. Mo jókòó tì í, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà débi pé inú tún ń bí mi sí i. Ọkùnrin tó lè tú ẹ́ńjìnnì odidi palẹ̀ kó sì tò ó padà, kò lè sọ fún aládùúgbò pé iṣu tó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oòrùn ń lọ.

A gbọ́ tí òkúta ń yí bọ̀ lókè. Ọ̀nà tóóró kan wà tí àwọn ará abúlé ń gbà lọ sódò, ó gba àárín igbó já sí ìyípo tá a wà. Ẹnì kan ń bọ̀ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, láìsí bàtà, tí ń fọwọ́ kan ilẹ̀ wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹsẹ̀ bá lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, aṣọ àdìrẹ. Lẹ́yìn náà, ìkòkò omi lórí òṣùká, kò sì gbọ̀n.

Ìyá ni. Àwọn nìkan, láìsí ẹni tó mú wọn lọ́wọ́.

"Lásárù?"

Ọkọ mi dìde fùú. "Ìyá! Ta ló mú yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi. Ọ̀nà odò ni, mo ti ń gbà á kí n tó bí ọ. Ó mọ̀ mí." Wọ́n dúró, wọ́n ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń wá ibi tí ọkọ̀ wà. "Mo ti jókòó sóde láti àárọ̀, mo ń retí ulé mi. Mo gbọ́ ọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ òkè. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó wá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo ní, ha, òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Àlejò mi á wá dé ìdí òkè, kó má rómi mu?"

 Èmi ni mo sọ ìkòkò náà kalẹ̀ lórí wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n rọ ọ́. Wọ́n ní kí n mú ọwọ́ wọn dé ẹnu rẹ̀. Mo mú un dé ẹnu rédíétọ̀, ó ti tutù nígbà náà, wọ́n sì fi igbá bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń fún ọmọ. Omi náà ń dún lọ sísàlẹ̀.

"Mu ún. Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ kú ewu òkè."

Wọ́n fọwọ́ pa ara ọkọ̀ náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, wọ́n dé ilẹ̀kùn, wọ́n gòkè wọ inú rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ tọ́ wọn sọ́nà, mo fà á ní aṣọ. Ìyá dúró sí àárín. Wọ́n na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kan ibùsùn níbi tí ibùsùn máa ń wà. Wọ́n tẹ ẹní wò. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ọ̀tún wọn dìde fúnra rẹ̀, bó ti máa ń dìde ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé wọn, ó lọ sí ara ògiri, ó sì kan ìṣó.

Wọ́n di ìṣó náà mú. 

"Ta ló sọ ibi tí ìṣó mi wà fún ọ?"

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mo wọ̀n ọ́n ni. Ìyá, ẹ má bínú, kò dé ẹnu ọ̀nà yín. Ẹrù ló pọ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé."

"Ó ti dé." Wọ́n jókòó sórí ibùsùn. "Ibi tí mo bá ti fún àlejò lómi, ẹnu ọ̀nà mi nìyẹn. Ìyàwó mi, gòkè lọ bá mi kó aṣọ, kó o sì ti ilẹ̀kùn."

Mo gòkè. N kò rò pé mo ti sáré bẹ́ẹ̀ rí.

Jíà tí a fi ń gun òkè náà la fi ń sọ̀ ọ́, ọkọ mi ti kọ́ mi ní ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kò sí àyè láti yí ọkọ̀ padà, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fi sọ̀ dé ibi tó fẹ̀, mo sì ń tẹ̀ lé táyà pẹ̀lú ọmọ ọlọ lọ́wọ́, mò ń fi í sílẹ̀, mò ń gbé e, bí alágbàtọ́ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ìyá wà nínú ilé wọn, wọ́n ń kọrin. Ilẹ̀ mọ́ wa sí ẹnu géètì ilé ìwòsàn, Ìyá sùn lórí ẹní wọn bí ọmọ tuntun, wọn kò sì sùn síta.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Alimat ní Ìyá kò lè sùn nínú ọkọ̀, inú wọ́ọ̀dù ni aláìsàn ń sùn. Ojú Ìyá wà nínú báńdéèjì. Mo rí i tí ọwọ́ wọn ń wá ìṣó lára ògiri. Wọ́n fà mí mọ́ra.

"Ìyàwó mi, ibí yìí kì í ṣe ulé mi. Bí mo bá sùn ńkọ́? Lásárù ńkọ́?"

Ìgbà náà ló tó yé mi. Kì í ṣe ilé ni wọ́n ń ṣọ́ láti gbogbo ọjọ́ yìí. Àwa ni.

Mo jáde lọ sọ fún ọkọ mi.  Ó wa ọkọ̀ náà wá sábẹ́ fèrèsé wọ́ọ̀dù, ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó rọra ń dún, tú-tú-tú, bí ológbò tó yó. Nọ́ọ̀sì Alimat sáré jáde. Ó ní ṣé orí wa pé ni, nílé ìwòsàn? Mo mú un wọlé, mo fi Ìyá hàn án. Ọwọ́ wọn ti dúró. Wọ́n yí ojú sí fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ ilé wọn tó ń mí níta, tí ọmọ wọn wà nídìí rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n sùn. Nọ́ọ̀sì náà wò wọ́n, ó wò mí, ó ní kó pa á ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Ó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kí ó tó padà wá sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tá a lò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, ọkọ mi á wá sí ẹnu fèrèsé, á ní, "Ìyá, ẹ káàárọ̀, èmi rèé o."

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "O ti hewú," ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

A padà sí òkè náà ní ọ̀sán gangan. Bí a ṣe wá rí i lẹ́yìn náà, gbogbo iṣu wa ṣì wà lábẹ́ igi irú níbi tí mo kó o sí, òkúta wà lórí rẹ̀, àyàfi àgbàdo tí ẹyẹ jẹ. Ìyá ní kí ọkọ̀ má dúró níbẹ̀ o, ìdí òkè ni kí ó ti sọ àwọn kalẹ̀.

"Máa gbé e lọ, Lásárù. Èmi àti ìyàwó mi á fẹsẹ̀ rìn. Mo fẹ́ fi ejú mi rí i."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, èmi àti wọn. Ọkọ mi fi í sí jíà kìíní. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ibùsùn, ẹní àti iyọ̀ lọ. Ó bú, ó gun ìyípo àkọ́kọ́, ó gun èkejì, kò kérora, ó kọjá lára igi irú láìdúró, kọ́tìnnì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń wò ó títí ó fi wọ àárín igi lókè, a sì ń gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́. Ó dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Nígbà tá a gòkè dé, wọn kò wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n lọ, síbi tí a sin Bàbá Ògúndípẹ̀ sí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ro koríko kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n wo ọmọ wọn tó ń nu ọwọ́ sí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n wo èmi náà, bí ẹni tó ń ka èèyàn.

Wọ́n ní, "Bàbá Lásárù, mo sùn síta o. Mo dé, kò sí ẹni tó kú."